Igbó Tí Agbanipa Sá Wọ̀, Ilé Wa Ni

1/
Ẹ bá mi ka orúkọ àwọn apànìyàn inú fíìmù tẹ́ ẹ ti wò láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kì í ṣe orúkọ òṣèré o. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nínú ìtàn ni mò ń wí. Ẹ ó rántí ọ̀kan, bóyá méjì. Àwọn yòókù ńkọ́? Àwọn tó fi aṣọ bojú, tí wọ́n já jáde látinú igbó, tí wọ́n yìnbọn, tí wọ́n sì kú kí fíìmù tó dé ìdajì, kí ni ìyá wọn ń pè wọ́n?

2/
Ohun tí mo fẹ́ ká jọ sọ lónìí nìyẹn. Ẹ wá nǹkan fìdí lé, torí okùn ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi: ọmọ Ṣakí ni mí, ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mo ti kàwé gboyè, mo ti ṣe agùnbánirọ̀, mo ti kọ̀wé wáṣẹ́ títí ó fi sú mi. Fídíò ni mò ń ṣe báyìí. Mo máa ń wo fíìmù, màá sì fi Ònkò, èdè ilé wa, sọ ohun tí mo rí níbẹ̀. Iṣẹ́ ni èmi pè é. Ìyá mi pè é ní fóònù títẹ̀.

3/
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dáa. The Black Book, tí Editi Effiong darí, jáde lórí Netflix ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Richard Mofe-Damijo ló ṣe Paul Edima níbẹ̀. Díákónì ni lójú àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n agbanipa ni tẹ́lẹ̀, ẹni tí àwọn alágbára ń rán níṣẹ́ ikú. Ó ti sá kúrò nídìí iṣẹ́ yẹn, ó lọ fi ṣọ́ọ̀ṣì bora. Ìgbà tí àwọn ọlọ́pàá tó ti bàjẹ́ pa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n tún purọ́ mọ́ òkú ọmọ náà pé ajínigbé ni, ló tó padà síbi tó ti kúrò.

4/
Ẹ wò ó, Paul Edima pànìyàn nínú fíìmù yẹn dáadáa. Síbẹ̀ èmi àtẹ̀yin la jókòó tí à ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ̀ẹ́ kó kú. Kí ló fà á? Wọ́n ti fún un ní ilé kí wọ́n tó fún un ní ìbọn. A mọ ọmọ rẹ̀. A mọ bó ṣe ń gbàdúrà. A mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹni tó bá wò ó tán kò lè sọ pé "apànìyàn kan ṣá ni."

5/
Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn sí bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa oríṣiríṣi èèyàn nínú fíìmù. Orí la máa ń kà. Obìnrin méjì wà níbẹ̀, ó dáa. Ará Òkè Ọya kan wà níbẹ̀, ó dáa. Ó tán. Kíka orí kọ́ lọ̀rọ̀ yìí jàre. Èèyàn lè kún inú fíìmù bí ọjọ́ ọjà, kó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ní ilé níbẹ̀. Èmi máa ń béèrè pé: ta ni wọ́n fún ní ilé, ta sì ni wọ́n fún ní ìbọn nìkan?

6/
Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Nínú John Wick: Chapter 3, tó jáde ní 2019, àwọn ọ̀gá agbanipa lé John Wick kúrò láàárín wọn, wọ́n fi owó lé e lórí. Níbo ló sá lọ? Casablanca, ní Mòrókò. Ẹ wá wo àwọn tó bá pàdé níbẹ̀. Sofia tó ń darí òtẹ́ẹ̀lì àwọn agbanipa, Halle Berry ọmọ Amẹ́ríkà ló ṣe é. Berrada tó jẹ́ ọ̀gá, Jerome Flynn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é. Mo dúpẹ́ pé Saïd Taghmaoui, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Mòrókò, ló ṣe àgbà inú aṣálẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kù, wọ́n wá jà, wọ́n ṣubú, ó parí. Ìlú àwọn ẹlòmíì ni ẹni tí wọ́n lé sá lọ, ṣùgbọ́n àwọn onílùú ò rí àyè jókòó.

7/
Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà wálé. Nínú fíìmù tiwa, bí wọ́n bá lé apànìyàn kúrò nílùú, ibo ló máa ń sá lọ? "Inú igbó." Ẹ ó rí koríko gígùn, òkúta ńlá, ilé alámọ̀ méjì, ewúrẹ́ kan. Bí èmi bá ti rí koríko yẹn, mo máa ń sún mọ́ fóònù, torí ọ̀dàn ilé wa ló jọ. Igi ẹ̀mí nìyẹn. Igi igbá tí wọ́n ti ń rí irú nìyẹn. Òkúta yẹn lè jẹ́ àbúrò Asabari tó wà ní Ṣakí.

8/
Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tá a wà fún yín. Apá ọ̀dọ̀ wa ni odò Ògùn ti ṣàn, kó tó gba Abẹ́òkúta lọ sí ọ̀sà Èkó. Orúkọ wa náà ló sọ ọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ 10 ló wà ní Òkè-Ògùn. A ní Ọkẹ́rẹ̀ ní Ṣakí, a ní Aṣẹ́yìn ní Ìsẹ́yìn. Ìsẹ́yìn ń hun aṣọ òfì tẹ́ ẹ̀ ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó l'Ékòó. Ṣakí ò jìnnà sí ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀, ìyẹn ni àwọn tí kò wá rí fi máa ń rò pé onífàyàwọ́ ni gbogbo wa. Ẹ bi ìyá mi léèrè. Láti ọjọ́ tó ti ń ta irú, kò tíì fò bodè kankan.

9/
Àwọn kan ti wá lo ilẹ̀ wa dáadáa o, mi ò ní purọ́. Ìgbójàyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ni Kunle Afolayan kọ́ abúlé fíìmù rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti ya Aníkúlápó tó jáde ní 2022. Sàró inú fíìmù yẹn, àlejò ni. Wọ́n lù ú, wọ́n sọ ọ́ sínú igbó kó kú. Ṣùgbọ́n kí ìyà yẹn tó dé, a ti mọ̀ pé ahunṣọ ni, òfì ló ń hun. Ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn kan tó wò ó ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gba iná sí fóònù ò sọ̀rọ̀ nípa ẹyẹ Àkàlà rárá. Òfì ló ń sọ. Ó ní, "Wọ́n fi iṣẹ́ bàbá mi ṣe fíìmù."

10/
Ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú kì í sì í ṣe tuntun ní Òkè-Ògùn. Ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún, àwọn Tápà lé Aláàfin Onígbogí kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ọ̀dọ̀ àwọn Ìbàrìbá ló sá lọ. Nígbà tí ìran rẹ̀ ń padà bọ̀, Ìgbòho ni wọ́n tẹ̀dó sí, ní Òkè-Ògùn wa níbí. Ààfin Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Aláàfin Abípa fi kó wọn padà sílé. Igbó Ọba tí wọ́n sin àwọn Aláàfin sí ṣì wà ní Ìgbòho. Ọ̀kan nínú àwọn tó jọba níbẹ̀ ni Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀. Ìtàn kan sọ pé obìnrin ni, jagunjagun sì ni.

11/
Ẹ ka ìtàn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọba tí wọ́n lé nílùú. Ìbàrìbá tó gbà á sílé. Obìnrin tó gun orí oyè. Kò sẹ́ni tó fi tipátipá kó wọn jọ kó lè dáa lójú òyìnbó. Bí ibí ṣe rí nìyẹn. Títí dòní, bẹ́ ẹ bá jókòó sọ́jà Ṣakí fún wákàtí kan, ẹ ó gbọ́ Ònkò, Hausa, Fúlàní, Ìbàrìbá, Faransé àwọn tó wá láti Bẹ̀nẹ̀, àti Àgátú àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́ oko. Fíìmù tó bá ní kí n gbà pé èèyàn oríṣi kan ṣoṣo ló wà ní "inú igbó" kò tíì débí.

12/
Ohun míì tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni agbanipa tó wá sápamọ́ sábúlé fún oṣù mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ní ibo? Bó o bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láàárọ̀ ní abúlé wa, kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọdé á ti mọ àwọ̀ báàgì rẹ. Àwọn àgbà á bi ọ́ pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Bí ìdáhùn rẹ ò bá délẹ̀, wọ́n á mú ọ dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Wọ́n á fún ọ lóúnjẹ o. Ṣùgbọ́n o máa dáhùn.

13/
Ó dáa, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí nìyí. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan tó fẹ́ ya fíìmù kàn sí mi. Ó fẹ́ kí n bá òun sọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará abúlé di Ònkò. Agbanipa kan ni l'Ékòó, ọ̀gá rẹ̀ lé e, wọ́n ní bó bá tún tẹ Èkó, òkú rẹ̀ ni wọ́n máa gbé. Ló bá sá wá sí Òkè-Ògùn. Ìtàn náà dùn, alẹ́ ọjọ́ kan ni mo kà á tán. Ó san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà fún mi ṣáájú. Fún èmi tí mò ń fi ọgọ́rùn-ún méjì-méjì ra dátà, owó ńlá nìyẹn.

14/
Ìṣòro ibẹ̀ nìyí. Abúlé náà ò lórúkọ. "Abúlé" ṣá ni wọ́n kọ. Obìnrin mẹ́ta ló ń sọ Ònkò, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì lanu, kí àwọn èèyàn lè fi èdè wọn rẹ́rìn-ín ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó wá pa agbanipa wa dé. Ohun tó wà nínú ìwé eré ni "Bọ̀rọ̀rọ́ 1," "Bọ̀rọ̀rọ́ 2," títí dé "Bọ̀rọ̀rọ́ 12." Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjìlá kú ní ojú ewé mẹ́rin.

15/
Mo pè é. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni orúkọ àwọn Bọ̀rọ̀rọ́ yìí?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, ta ló fẹ́ béèrè orúkọ wọn? Wọ́n kàn fẹ́ kú ni."
Mo ní, "Ta ló rán wọn?"
Ó ní kò sẹ́ni tó rán wọn, inú igbó ni wọ́n ń gbé.
Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, inú igbó yẹn ni àwa náà ń gbé o."

16/
Mi ò ní kó kó wọn jáde. Mo ní kó fún olórí wọn lórúkọ, kó sì jẹ́ ká mọ ẹni tó san owó fún un, torí owó Èkó ló yẹ kó gbé wọn wá. Mo ní kí díẹ̀ nínú àwọn tó ń lé agbanipa yẹn wá láti inú ẹgbẹ́ tó ti kúrò, kí wọ́n máa jẹ́ Ṣẹ́gun àti Ìdòwú. Mo ní kí Fúlàní kan wà nínú ìlú tó jẹ́ ará ìlú. Kí obìnrin kan sì sọ Ònkò láti fi sọ ohun tó ṣe pàtàkì. Ó ní rárá. Ó ní àwọn tó ń wòran máa sọ pé à ń gbè sẹ́yìn ajínigbé.

17/
Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹ̀rù ń ba àwa náà. Àwọn àgbẹ̀ wà tí wọn ò lè dé oko tó jìnnà mọ́. Mo mọ ìdílé tó ta ilẹ̀ kí wọ́n lè rí owó ìtúsílẹ̀ san. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Igangan, ní Ìbàràpá tó múlé tì wá, ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni lápá ibí. Ẹni tó bá ní kí fíìmù má ṣe fi Fúlàní tó pànìyàn hàn rárá, kò mọ ohun tójú wa ń rí. Ṣùgbọ́n apànìyàn tó ń bẹ láyé ń jẹ́ orúkọ. Ẹnì kan ló ń ra ìbọn fún un. Ẹnì kan ló ń júwe ọ̀nà fún un, nígbà mìíràn onítọ̀hún á sì máa jẹ́ orúkọ bí tèmi bí tìẹ. Fíìmù tó bá fi gbogbo ìyẹn pamọ́ ń ran ẹni tó san owó lọ́wọ́ láti sá lọ.

18/
Ìyá kan wà tó ń kiri wàrà ládùúgbò wa kí wọ́n tó bí mi. Ìyá Oníwàrà la máa ń pè é. Ọmọ rẹ̀ tó kéré jù ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, Ṣakí ni wọ́n bí i sí, Ònkò ẹnu rẹ̀ dán ju tèmi lọ. Bí ìròyìn ìjínigbé bá ti jáde lórí rédíò, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á máa pè é ní "kìnápà." Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín ni. Lọ́jọ́ kan tí mò ń ya fídíò, ó wá jókòó tì mí. Ó ní, "Àǹtí, bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe fíìmù, mo lè ṣe é o. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú bí ìbọn bá bà wọ́n." Ló bá dìde, ó ṣubú lulẹ̀ fún mi wò. Ó ṣe é dáadáa.

19/
Mi ò lè gbàgbé ìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ti wo fíìmù títí, ohun tó rí kọ́ nípa ara rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Kò sọ pé òun lè ṣe dókítà. Kò sọ pé òun lè ṣe ọlọ́pàá, tàbí agbanipa tó ronú pìwà dà bíi Paul Edima. Wọn ò tíì fi ìyẹn hàn án rí lára ẹni tó jọ ọ́.

20/
Ẹ rántí ariwo Gangs of Lagos, ti Jáde Osiberu, tó jáde lórí Prime Video ní oṣù Kẹrin ọdún 2023. Àwọn ọmọ tó di ọ̀daràn nínú rẹ̀, Ọbalọlá àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, a mọ̀ wọ́n láti kékeré, ọ̀rọ̀ wọn sì dùn wá. Ṣùgbọ́n àwọn apànìyàn kan tún wà níbẹ̀ tó wọ aṣọ Ẹ̀yọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó gba ilé ẹjọ́ lọ. Bóyá ẹ gbè sẹ́yìn wọn, bóyá ẹ ò gbè sẹ́yìn wọn, ẹ̀tọ́ wọn ni. Wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní lọ́yà, wọ́n ní ẹni tó máa gbé ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé ìròyìn. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló máa bá Bọ̀rọ̀rọ́ 1 dé Bọ̀rọ̀rọ́ 12 lọ sí kóòtù?

21/
Mo dá owó ọkùnrin yẹn padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi dá a, torí díẹ̀ ti ba dátà lọ. Inú bí ìyá mi gan-an. Ó ní, "Ogójì ẹgbẹ̀rún! Ṣé Ìyá Oníwàrà ló máa máa san owó oṣù fún ọ ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Lọ́jọ́ kejì tí Ìyá Oníwàrà dé, ìyá mi ra wàrà, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú ìbínú. Ìyá Oníwàrà gbọ́ ọ tán, kò sọ nǹkan kan. Ó fi ènì mẹ́ta sí wàrà wa. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó bi mí pé, "Àwọn méjèèjìlá náà kú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí, ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ.

22/
Wọ́n á ya fíìmù yẹn láìsí mi. Mo mọ̀. Ònkò inú rẹ̀ máa burú, àwọn èèyàn á sì wò ó. Èmi náà ti ń kọ tèmi. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, fóònù la máa fi yà á. Agbanipa kan ni, wọ́n lé e l'Ékòó, ó sá wá sí Òkè-Ògùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ìtàn kan náà. Mo ní ó dùn. Ṣùgbọ́n ìlú tó dé lórúkọ. Baálẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá a wá láti Èkó ń jẹ́ Ìdòwú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ni, ìyàwó rẹ̀ sì ń pè é lórí fóònù. Obìnrin tó gba àlejò yẹn sílé ń ta irú, òun ló kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ ibi ló ń ṣe, Ònkò ló sì fi sọ ọ́ fún un lójú.

23/
Ọmọ Ìyá Oníwàrà wà níbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ pàdé agbanipa náà lójú ọ̀nà, níbi tó ti ń da ewúrẹ́ ilé wọn wálé. Kò ṣubú. Ọ̀rọ̀ kan ló máa sọ, ó ti ń fi dánra wò kiri àdúgbò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ti sú gbogbo wa. Ó máa dúró, ó máa wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó máa kí i pé "Ẹ kúulẹ̀ o," á sì bi í pé, "Ọmọ ta ni yín?"

24/
Ẹ má kàn ka orí fún mi lábẹ́ ibí o. Ẹ sọ fíìmù kan tẹ́ ẹ ti rí ẹni tó jọ yín, tó ní ilé, tó lórúkọ, tí kò sì wá síbẹ̀ láti kú nìkan. Mo fẹ́ wò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní máìkì kékeré tó lè yá mi fún ọjọ́ méjì, Ṣakí ni mo wà. Afẹ́fẹ́ ọ̀dàn pọ̀ lásìkò ọyẹ́ yìí, kò jẹ́ ká gbọ́ ohùn ọmọ náà dáadáa.